Nọ́ńbà Ara Káàdì

Yàrá ìtẹ̀wé kan rèé, kékeré, tó ń rùn fún ìǹkì àti bébà tuntun. Obìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó wọ awò ojú, tí ìǹkì ti kun ìka rẹ̀, òun ni Atẹ̀wé. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ẹ̀wù rẹ̀ ní àpò níwájú, àpò lẹ́yìn, àpò lábẹ́ apá, òun ni Ayàwòrán. Ìgbéyàwó nìkan ló ń yà. Kí a tó bi í, yóò ti sọ ọ́.

"Ẹ káàsán o, àǹtí. Ayàwòrán ìgbéyàwó ni mí."

"Ẹ káàsán, ọ̀gá. Ẹ gbé bébà yẹn kúrò lórí àga, kẹ́ ẹ jókòó."

"Káàdì ni mo fẹ́ tẹ̀. Mo fẹ́ káàdì tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ mi ò ní lè sùn mọ́."

"Tí ò bá lè sùn, dókítà ni yóò wá lọ. Kò ní wá yín."

"Ẹ ń ṣe àwàdà. Ọ̀rọ̀ mi le. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n fẹ́ ṣe ìpàtẹ àwọn oníṣẹ́ ìgbéyàwó ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn báńkì. Àwọn tó ń ṣe kéèkì ń bọ̀, àwọn aránṣọ ń bọ̀, gbogbo àwa ayàwòrán náà ń bọ̀. Àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́dún tó ń bọ̀ yóò kó ìyá wọn wá síbẹ̀. Ayàwòrán tí ò bá ní káàdì lọ́wọ́, kó yáa jókòó sílé."

"Ó yé mi. Kí lẹ fẹ́ kó wà lára rẹ̀?"

Inú Ayàwòrán dùn sí ìbéèrè yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó sì na ìka sókè kó lè máa fi kà wọ́n.

"Lákọ̀ọ́kọ́, ẹyẹ idì."

"Idì."

"Idì tó gbé kámẹ́rà sẹ́nu. Lábẹ́ idì, òrùka méjì. Lábẹ́ òrùka, àwòrán gbogbo ayé. Kí àwọ̀ wúrà máa tàn lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹyẹlé méjì."

"Ẹ dúró ná. Idì àti ẹyẹlé lára káàdì kan náà?"

"Kí ló dé?"

"Idì yóò ti jẹ ẹyẹlé tán kó tó di Sátidé."

Ayàwòrán rò ó wò. Ó rí i pé òótọ́ wà níbẹ̀.

"Ẹ yọ ẹyẹlé."

"Mo ti yọ ọ́. Mo yọ idì náà."

"Kí ni idì ṣe fún yín?"

Atẹ̀wé fa dúrọ́ọ̀ jáde, ó mú káàdì kan tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà.

"Ẹ wò ó. Kò ju báyìí lọ. Ọmọbìnrin tó bá gbà á lọ́wọ́ yín ní Sátidé yóò ti gba òmíràn rẹpẹtẹ. Ó máa délé, ó máa da gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀ẹ̀kan ló sì máa wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ mọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe, bóyá ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, àti bí òun ṣe máa rí yín. Gbogbo ìyókù, ẹrù ni."

"Oyè mi ńkọ́?"

"Oyè wo?"

"Olùdásílẹ̀, Alákòóso Àgbà, Olórí Àwọn Ayàwòrán."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbi iṣẹ́ yẹn?"

"Èmi nìkan."

"Ta wá lẹ ń ṣe olórí rẹ̀?"

Ayàwòrán wolẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kàn kọ 'Ayàwòrán Ìgbéyàwó'."

"A ti ń bọ̀ síbi tó dáa. Orúkọ iléeṣẹ́ yín?"

"'Ìrántí Ayọ̀'. Tuntun ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà ni."

"Kí ló ṣe orúkọ ti tẹ́lẹ̀?"

"Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ó rẹ orúkọ?"

"Àwọn oníbàárà kan wà tí wọ́n ń pè é ju bó ṣe yẹ lọ."

Atẹ̀wé ò tú ọ̀rọ̀ yẹn wò. Àwọn tó ń yí orúkọ iléeṣẹ́ padà pọ̀ nínú oníbàárà rẹ̀, kì í sì í bi wọ́n nídìí. Ó tẹ orúkọ tuntun náà sójú kọ̀ǹpútà, ó tò ó dáadáa.

"Ó kan bóyá ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Fọ́tò ni yóò dáhùn ìyẹn. Ẹyọ kan péré o. Èyí tó wù yín jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti yà rí."

"Ìyẹn ò le rárá."

Ó ti ọwọ́ bọ àpò àyà, kò sí níbẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ ti abẹ́ apá, kò sí níbẹ̀. Ó yí ara po, ó fa ọ̀rá kan yọ láti àpò ẹ̀yìn, ó sì mú fọ́tò kan jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Gbogbo ẹni tó bá rí èyí ló ń gbé iṣẹ́ fún mi. Òun ni mo fi ń jẹun."

Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ìyàwó kan ló wà níbẹ̀, ó da orí sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ ló wà níta, atẹ́gùn ti gbé ìbòrí rẹ̀ sókè. Apá ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aago ńlá kan lọ́rùn ọwọ́. Apá náà nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti gé ìyókù ọkùnrin náà dànù.

Atẹ̀wé wò ó. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wò. Òun fúnra rẹ̀ ni. Òun ni ìyàwó yẹn, apá ọkọ rẹ̀ sì nìyẹn, pẹ̀lú aago tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yá a wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn.

Láti ọjọ́ yẹn, ó ti lé ní ọdún mélòó kan, kò tíì fojú kan ẹyọ fọ́tò kan. Ayàwòrán tó yà wọ́n ní kámẹ́rà òun já bọ́ sínú omi, gbogbo rẹ̀ sì bómi lọ. Nígbà tó yá, kò gbé fóònù mọ́. Nígbà tí wọ́n wá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń ta bàtà ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gba kámú. Òun ò gbà, nítorí bàbá rẹ̀. Bàbá náà kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun, ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ nìkan ló gbà. Bàbá ti kú báyìí. Àwòrán ojú rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù sí wọn lọ́wọ́ ni ti ara káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, kò tóbi ju èékánná lọ, òǹtẹ̀ sì ti bo ìdajì ẹnu rẹ̀.

Kámẹ́rà ló wà lójú ọkùnrin yìí láti àárọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àtíkè ló sì wà lójú tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ojú ẹnì kejì nínú àwọn méjèèjì.

Ó fẹ́ pariwo. Ó gbé ariwo náà mì. Ẹni tó lè fi omi parọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n bá pariwo mọ́ ọn, iná ni yóò fi parọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"Fọ́tò yìí dáa," ló wí. "Ta ni ìyàwó yìí?"

"Oníbàárà mi kan ni. Èèyàn dáadáa. Èmi àti ẹ̀ ti di mọ̀lẹ́bí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ṣì máa ń gbúròó ara yín?"

"Gbogbo ìgbà. Kò lè ṣe kó má pè mí."

"Ìyẹn dá mi lójú. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ yín?"

"Àǹtí, lọ́jọ́ tí mo gbé álíbọ́ọ̀mù dé ilé wọn, ṣe ló ń sunkún. Ó dì mọ́ mi, kò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ọkọ ò bínú?"

"Òun náà ń sunkún."

Atẹ̀wé fọwọ́ bo ẹnu, ó ṣe bí ẹni tó ń húkọ́. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ há ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rí, kò sunkún.

"Apá ta nìyí?"

"Ti ọkọ ìyàwó."

"Ìyókù rẹ̀ dà?"

"Mo gé e ni."

"Ẹ gé ọkọ ìyàwó kúrò nínú fọ́tò ìgbéyàwó."

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé káàdì kéré."

"Ṣé obìnrin nìkan ló ń bọ̀ ní Sátidé? Tí àwọn ọkọ bá rí i pé gígé lẹ máa ń gé wọn, èwo nínú wọn ló máa dúró níwájú yín? Odindi fọ́tò ni mo fẹ́. Ẹ mú un wá."

Ara Ayàwòrán ò lélẹ̀ mọ́. "Ẹ jẹ́ ká lo èyí bẹ́ẹ̀, àǹtí."

"Àbí odindi rẹ̀ ti sọ nù?"

"Èmi? Sọ fọ́tò nù?" Ó lu àpò àyà rẹ̀ pẹ́pẹ́. "Mẹ́mórì mi nìyí. Gbogbo ìgbéyàwó tí mo ti yà rí láyé mi ló wà nínú ẹ̀. Ẹyọ kan ò dín."

Atẹ̀wé rọra mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Kámẹ́rà yín ò já bọ́ sómi rí?"

"Kámẹ́rà tèmi? Láéláé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi fọ́tò sílẹ̀ ná, ká kọ nọ́ńbà. Òun ló ṣe pàtàkì jù lára káàdì. Ẹ máa pè é."

"Òdo, mẹ́jọ, òdo..."

Ìka Atẹ̀wé ti ń lọ lórí bọ́tìnnì. Ayàwòrán dánu dúró, ó ń wá fóònù rẹ̀ nínú àwọn àpò kó lè wo ìyókù. Nígbà tí yóò fi gbójú sókè, nọ́ńbà náà ti pé sójú kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Àǹtí."

"Ọ̀gá."

"Mi ò tíì pè é tán."

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá mo ṣì í."

Ó fi wé ti inú fóònù rẹ̀. Ó tún fi wé e. "Ẹ ò ṣì í. Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Mo ti ń pè é tipẹ́. Mo pè é láàárọ̀, mo pè é nírọ̀lẹ́. Mo fi fóònù ọkọ mi pè é, mo yá ti aládùúgbò. Ìka mi mọ̀ ọ́n ju nọ́ńbà ìyá mi lọ. Ẹ̀yin náà kúkú sọ ọ́, kò lè ṣe kí n má pè yín."

Ayàwòrán wo obìnrin náà. Ó wo fọ́tò. Ó gbé fọ́tò sókè sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, ó ń wo ibí, ó ń wo ọ̀hún. Àṣà iṣẹ́ rẹ̀ sì gbà á lẹ́nu kó tó mọ̀.

"Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀."

Atẹ̀wé gbé e sókè. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn fi eyín hàn án.

"Yéè," ni Ayàwòrán wí, jẹ́jẹ́.

"Èmi náà ni. Èmi ni mo sunkún, tí mo dì mọ́ yín."

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kan ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Atẹ̀wé gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì.

"Ẹ máa lọ. Ohun tẹ́ ẹ fi ń jẹun wà lábẹ́ ọwọ́ mi, Sátidé sì ń bọ̀."

Ẹsẹ̀ náà padà wá. Ayàwòrán jókòó.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe olè ni mí."

"Mi ò pè yín lólè. Omi ni mò ń béèrè. Omi wo ni?"

"Kò sí omi."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi kó fọ́tò mi pamọ́?"

"Ojú ló tì mí. Ọkọ yín ló fà á."

"Kí ni ọkọ mi ṣe?"

"Ó di ojú."

"Ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀ dalẹ́."

Atẹ̀wé tún wo apá ọkùnrin inú fọ́tò náà.

"Mo yà á níwájú, ó di ojú. Mo yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ojú. Mo ní kó máa wòkè, ó ń fi ojú dídì wòkè. Mo tún tàn án, mo ní mi ò tíì ṣetán, ojú yẹn ti dì kí n tó gbé ìka. Mi ò rí irú ẹ̀ rí, àǹtí. Mo délé, mo tú u wò, mo káwọ́ lérí. Ìyàwó lajú, àlejò lajú, ọkọ ìyàwó ń sùn. Ta ni mo fẹ́ gbé ìyẹn fún?"

"Èmi. Èmi lẹ bá gbé e fún."

"Mo ní kí n kọ́kọ́ tún un ṣe. Mo fi kọ̀ǹpútà ya ojú lé e ní ìpéǹpéjú."

"Ẹ ya ojú fún ọkọ mi?"

"Ó wá dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ejò. Mo pa á rẹ́. Mo gé ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti inú fọ́tò mìíràn, mo fi rọ́pò."

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n ń wo kéèkì nígbà tí mo yà á. Ẹ̀yin ń wo ojú ọkọ yín tìfẹ́tìfẹ́, òun ń wo kéèkì. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí tí mi ò fi lè gbé fóònù mọ́. Ni mo bá fi omi sí i."

Atẹ̀wé fẹ́ bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìbínú ọ̀hún ti wà nílẹ̀ tipẹ́, gígbé ló kù kó gbé e. Ṣùgbọ́n ó rántí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ọkọ rẹ̀. Níbẹ̀ pàápàá, ọkùnrin yẹn ń sùn ni, ọlọ́pàá kan sì ti bi í léèrè rí pé ta ló ń bá a ríran lójú pópó. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, kò lè dá a dúró.

"Ọ̀gá, ẹ mú mẹ́mórì yẹn wá."

Ó gbà á, ó tì í bọ kọ̀ǹpútà. Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, lóòótọ́ sì ni, ojú ọkùnrin náà dì pinpin nínú gbogbo wọn.

"Ibi tí a ti gé kéèkì nìyí," ni Atẹ̀wé wí. "Ẹni tó mú ọ̀bẹ ló yẹ kó lajú."

"Ẹ̀rù bà mí fún yín lọ́jọ́ yẹn."

"Èyí ńkọ́? Ibi tó ti fọwọ́ síwèé?"

"Ibẹ̀ ni. Ojú dì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ náà ni."

"Ẹ jẹ́ kó wà. Màá fi hàn án nígbà tó bá tún sọ pé òun mọ ohun tí òun ń ṣe."

Ó tún tẹ bọ́tìnnì, fọ́tò mìíràn jáde, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Bàbá kan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, fìlà rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ là kedere, kámẹ́rà ló ń wò gan-an.

Atẹ̀wé fi ìka tọ fìlà náà lójú kọ̀ǹpútà. Ayàwòrán fa àga sún mọ́ ọn.

"Bàbá yẹn ò kọ́kọ́ gbà fún mi. Wọ́n ní ojú àwọn ò bá fọ́tò mu. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ya ọmọ wọn, kí àwọn kàn bá a dúró. Wọ́n bá dúró."

"Wọ́n ti kú."

"Háà. Mi ò gbọ́."

"Ẹ ò gbé fóònù."

Ayàwòrán tẹrí ba. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wá omi kankan mẹ́nu bà. "Ẹ foríjì mí, àǹtí. Mo rò pé ojú ọkọ nìkan lẹ máa wò níbẹ̀ ni."

Omi lé ròrò sójú Atẹ̀wé. Inú rẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún, méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Ó da gbogbo fọ́tò náà kọ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó tẹ ti bàbá rẹ̀ sórí bébà tó nípọn jù nínú yàrá náà, ó sì gbé e ti ògiri kó lè gbẹ. Ó nu ojú, ó nu awò ojú. Ó wá rántí pé oníbàárà wà níwájú òun.

"Ẹ ní di Sátidé?"

"Ẹ ṣì máa tẹ̀ ẹ́ fún mi?"

"Màá tẹ̀ ẹ́. Odindi fọ́tò ni màá lò, pẹ̀lú ọkọ mi nínú ẹ̀."

"Pẹ̀lú ojú dídì yẹn?"

"Bó ṣe wà náà ni. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, ọkọ di ojú bí ẹni tí ayọ̀ ti pa. Ẹni tó bá rí i yóò rẹ́rìn-ín, èèyàn kì í sì í sọ káàdì tó bá pa á lẹ́rìn-ín nù. Màá wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: 'À ń yà yín bí ẹ ṣe rí.'"

Ayàwòrán tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mọ́ ọn.

"Idì ńkọ́?"

"Ọ̀gá."

"Mo kàn ní kí n béèrè ni."

"Èmi náà ní ìbéèrè. Álíbọ́ọ̀mù mi ńkọ́?"

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Atẹ̀wé wò ó títí, ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó pa nǹkan kan rẹ́, ó kọ òmíràn sí i. Lẹ́yìn náà ló tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà gbọ̀n, ó kérora, ó sì pọ̀ káàdì àkọ́kọ́ jáde.

Ayàwòrán mú un nígbà tó ṣì gbóná. Orúkọ wà níbẹ̀ kedere. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, ọkọ di ojú, ọ̀rọ̀ náà sì wà lábẹ́ wọn. Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, láìfẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa ojú ro, ó yọ fóònù jáde, ó ń fi ìka tọ nọ́ńbà ara káàdì lọ.

"Àǹtí, ẹ ti ṣi nọ́ńbà kọ. Tèmi kọ́ nìyí."

"Mi ò ṣì í. Ẹni tó bá pe nọ́ńbà ara káàdì gbọ́dọ̀ rí ẹni dá a lóhùn. Lọ́jọ́ tí álíbọ́ọ̀mù mi bá wọlé, màá tẹ òmíràn tí tiyín máa wà lára ẹ̀."

"Ta wá ló ni èyí?"

"Ọkọ mi. Òun máa ń gbé fóònù. Ojú nìkan ni kì í là."